Ǹjẹ́ Ilẹ̀ A Máa Rántí Bí?

Àwòrán kan wà níwájú mi, dúdú òun funfun, tí a yà láti inú ọkọ̀ òfuurufú ní ìgbà ogun Hitila. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí orúkọ, kò sí ọjọ́, kò sí ohun kan àfi ojú gọ́ọ̀mù tó ti gbẹ níbi tí ẹnìkan ti ṣí i kúrò nínú ìwé àwòrán ìdílé rẹ̀. Mo dá iwájú rẹ̀ padà: oko ni mo rí, igbó ṣúúrú ni mo rí, orùlé bíi mélòó kan ni mo rí, àti láàrin gbogbo wọn, ìlà fífẹ̀ mẹ́ta tó dábùú ara wọn, bí ẹni pé òmìrán kan ló fi ìka fa ilẹ̀ nígbà tí amọ̀ rẹ̀ ṣì tutù. Pápá ọkọ̀ òfuurufú ni, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì wà. Èyí kò mú àríyànjiyàn dání. Ṣùgbọ́n èwo ni nínú gbogbo wọn? Àwọn kan wà nílùú ọba títí di òní tí wọn kò ní fàájì mìíràn ju pé kí wọ́n gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá sójú, kí wọ́n tẹ̀ ba lórí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, kí wọ́n máa bi í léèrè pé, “Ta ni ọ́? Ọmọ ta ni ọ́? Níbo lo ti wá?” Mo ti ronú sí iṣẹ́ wọn títí, mo sì rí i pé ìbéèrè tí wọ́n ń bi bébà pẹlẹbẹ yẹn kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn baba wa ń bi ọmọ jòjòló tí wọ́n bá fura pé ẹni tó ti lọ ni ó tún yà wá sílé.

Bí ó bá ṣe pé àwọn pápá wọ̀nyí kéré níye ni, ọ̀rọ̀ ì bá má le. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1942, nígbà tí kíkọ́ wọn gbóná janjan, bí a bá pín in dọ́gba, pápá tuntun kan ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí ogun yóò sì fi kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1945, iye wọn ti tó nǹkan bí 700, ní ilẹ̀ tí kò fi púpọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Èyí tó tún wá bu iyọ̀ sí ọgbẹ́ ni pé ìlànà kan náà ni wọ́n fi tẹ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Pápá àwọn ọkọ̀ ńláńlá tí ń ju bọ́ǹbù, èyí tí wọ́n ń pè ní Class A, ní láti ní ọ̀nà ìgbéra mẹ́ta tó kọjá lórí ara wọn bíi lẹ́tà A. Olórí nínú wọn, 2,000 yáàdì ni gígùn rẹ̀, àwọn méjì yòókù, 1,400 yáàdì, ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ 50 yáàdì. Ọ̀nà tóóró kan yí wọn po bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń yí ìdí omidan po, ara rẹ̀ sì ni ojúlé ìgbọ́kọ̀sí ti so káàkiri, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe rí bíi páànù ìdíndòdò tó ní ọwọ́ gígùn, èyí tó tẹ̀lé e sì rí bí awò ojú. Táíwò jọ Kẹ́hìndé, Ìdòwú jọ àwọn méjèèjì, Àlàbá náà kò sì yàtọ̀. Ẹni tó bá ní ọ̀nà ìgbéra nìkan ni òun yóò fi dá pápá kan mọ̀ yàtọ̀, ó dà bí ìyàwó ilé tó ní ẹkún ni òun yóò fi mọ ọmọ òun láàrin ogún ọmọ ọwọ́ tí ebi ń pa.

Òjìji ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Ní òkè àríwá ayé lọ́hùn-ún, apá gúúsù ni oòrùn máa ń gbé ní ọ̀sán gangan, àríwá sì ni òjìji igi gbogbo ń nà sí, nítorí náà òjìji ni yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí orí àwòrán wà àti ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé wà. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wo ibi tí olórí ọ̀nà ìgbéra dojú kọ, nítorí pé ọkọ̀ òfuurufú a máa kọjú sí afẹ́fẹ́ kí ó tó lè gbéra, atẹ́gùn tó sì wọ́pọ̀ jù ní ilẹ̀ náà, láti agbedeméjì gúúsù àti ìwọ̀-oòrùn ni ó ti ń fẹ́. Àwọn mìíràn a máa retí nọ́ńbà tí a kùn sí orí ọ̀nà ìgbéra, èyí tí a fà yọ láti inú ohun tí abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì wí. Àmọ́ abẹ́rẹ́ náà kò ṣe é fi ọkàn tán pátápátá. Ní Stansted, pápá tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kọ́ nígbà ogun, tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ dáadáa, 05 àti 23 ni nọ́ńbà orí ọ̀nà ìgbéra tẹ́lẹ̀; ní ọdún 2009 wọ́n pa á rẹ́, wọ́n sì kọ 04 àti 22 dípò rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sún ọ̀nà náà ní ìwọ̀n ìka kan. Àríwá abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó ti rìn kúrò níbi tó wà. Ẹni tó bá sì ṣe kòńgẹ́ oríire lè rí lẹ́tà méjì ńláńlá tí wọ́n kọ sílẹ̀ nítòsí ilé ìṣọ́, bíi DX tí ó jẹ́ ti Duxford. Ìyẹn dà bí ìgbà tí a rí àbàjà tàbí pélé lẹ́rẹ̀kẹ́ àjèjì, tí a kò tún nílò àti bi í léèrè ìlú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n gbogbo ojú kọ́ ni a kọ ilà sí. Nígbà tí àwọn àmì wọ̀nyí bá kùnà, ẹni tó mọṣẹ́ a gbé ojú kúrò lára pápá náà pátápátá, etí àwòrán ni yóò máa wò. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára. Yóò wo bí igbó kan ṣe ní igun bí ẹsẹ̀ ajá; yóò wo ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì tó ti wà níbẹ̀ kí a tó bí baba ńlá ẹni tó gbé pápá náà kalẹ̀; yóò wo ibi tí odò kékeré kan ti ṣẹ́rí padà; ju gbogbo rẹ̀ lọ, yóò wo ọ̀nà. Ọ̀nà tó ti ń lọ tààrà láti abúlé kan dé èkejì láti ayébáyé, nígbà tí pápá dé, wọ́n gé e lọ́rùn, wọ́n sì fi ipá tẹ̀ ẹ́ gba ẹ̀yìn odi. Ogun parí, àwọn sójà lọ, àgbẹ̀ padà sí oko rẹ̀, wọ́n wú kọnkéré náà, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́, wọ́n sì tà á fún àwọn tó ń ṣe títì. Ọ̀nà náà kò padà sí ibi tó wà. Títí di òní, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Norfolk àti Lincolnshire, awakọ̀ a máa dédé rí i pé ọ̀nà yà láìsí òkè, láìsí odò, láìsí ilé. Ó ń yà fún ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́, bí ìgbà tí ọmọ ilé kan ṣì ń yẹ̀gbẹ́ kọjá lẹ́bàá àga baba rẹ̀ ní ogún ọdún lẹ́yìn tí baba ti dolóògbé.

Ohun tí mo rí fà yọ nìyí, kí ẹni tó bá ní èyí tó sàn jù mú un wá. A rò pé ohun tó wà nínú nǹkan ni ó ń jẹ́ kí nǹkan náà jẹ́ ara rẹ̀. Iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí fi hàn pé ohun tó yí i ká ni, pàápàá jù lọ ohun tó fẹ́ yí padà tí apá rẹ̀ kò ká. Òkìtì kọnkéré tí wọ́n fi agbára ìjọba dà sílẹ̀ kò lè jẹ́rìí ara rẹ̀, nítorí ó jọ ti ibòmíràn. Igun igbó tí ẹnikẹ́ni kò kọbi ara sí ni ó dìde tó sì sọ orúkọ rẹ̀. Bí a bá sì yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí oríkì ń ṣe náà nìyẹn. Akígbe kì í kí ènìyàn nípa bí imú rẹ̀ ṣe rí kí ó sì dákẹ́. Yóò kí i ní ọmọ ẹni tó ṣe báyìí, ará ibi tí odò báyìí gbé ń ṣàn lẹ́yìnkùlé, títí àwọn tó yí i ká yóò fi pé débi pé òun nìkan ni ó lè wà láàrin wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé orúkọ ńkọ́? Ṣé ilé là ń wò kí á tó sọmọ lórúkọ? Ilé ni wọ́n wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé onílé ni nígbà mìíràn. Pápá Attlebridge ní Norfolk, ẹ̀bá abúlé Weston Longville ló wà. Attlebridge tí ó ní ìdíkọ̀ rélùwéè ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, kí ẹrù àti sójà má baà ṣìnà. Àjèjì tó bá fi orúkọ náà wá a yóò kọ́kọ́ dé ibi tí kò sí. Lẹ́yìn náà, orí ọ̀nà ìgbéra rẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ Liberator ti ń sáré, tòlótòló ni wọ́n kọ́ ilé gbọọrọ fún níbẹ̀, èmi kò sì mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni tàbí kí n mí kanlẹ̀. Ti Heathrow tilẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abúlé kékeré kan tí ń jẹ́ Heath Row ni ó wà níbẹ̀. Ní 1944 wọ́n wó o láti fi ilẹ̀ rẹ̀ ṣe pápá, pápá náà sì jogún orúkọ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó pa onílé tán tó tún gba fìlà rẹ̀ dé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ wa tí ń gbé àpò èlùbọ́ àti ẹja gbígbẹ kọjá níbẹ̀ lọ́dọọdún, ìkíni abúlé tó ti kú ni wọ́n ń kí láìmọ̀.

Ṣùgbọ́n ojú pẹ̀lú ní ẹ̀tàn tirẹ̀, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì mọ èyí. Nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì John Turner ni wọ́n fi ṣe olórí iṣẹ́ ìtànjẹ. Ó fi àwọn tí ń ṣe fíìmù ní Shepperton ṣe ọkọ̀ òfuurufú onígi àti aláṣọ, wọ́n tò wọ́n sí pápá oko tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ní òru ẹ̀wẹ̀, wọ́n tan iná sí ìgbẹ́ òfìfo kí ó lè dà bí ọ̀nà ìgbéra. Àwọn ará Jámánì rí iná, wọ́n sì ju bọ́ǹbù sí i lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ wá gbọ́ ohun tó rú mi lójú: pápá náà irọ́ ni, ọkọ̀ inú rẹ̀ irọ́ ni, ṣùgbọ́n kòtò tí bọ́ǹbù gbẹ́ síbẹ̀, òtítọ́ ni. Ilẹ̀ kò bèèrè bóyá ìdí tí a fi lù ú jẹ́ òdodo tàbí àwàdà kí ó tó gba ọgbẹ́. Ojú àpá kò sì lè jọ ojú ara.

Àwọn Jámánì náà yàwòrán ní tiwọn. Ọkọ̀ wọn ń gba òkè réré kọjá láti 1939, wọ́n ń ya pápá àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń fi ìlà yí i ká, wọ́n ń kọ orúkọ àti nọ́ńbà sí i pẹ̀lú ìtọ́jú tí ó bani lẹ́rù. Lónìí, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó bá fẹ́ mọ bí pápá ìlú rẹ̀ ṣe rí ní ìgbà náà, àwòrán ọ̀tá ni ó sábà máa ń fi ọkàn tẹ̀ jù, nítorí pé ẹni tó fẹ́ pa ni kò jẹ́ gbàgbé láti kọ orúkọ ẹni. Àwọn olólùfẹ́ kì í kọ ọ́. Wọ́n rò pé àwọn kò lè gbàgbé láéláé.

Ẹ jẹ́ kí n mú wa dé Stonehenge, níbi tí àwọn òkúta ńláńlá tí àwọn ará àtijọ́ fi ń ṣe ohun tí a kò lè fi gbogbo ẹnu pè ti dúró fún ọdún tó lé ní 4,000. Ní 1917, wọ́n kọ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú sí ẹ̀gbẹ́ wọn gan-an. Ìró ẹ́ńjìnnì ń dún, ilé páànù àti ilé onígi ń gbilẹ̀, ó sì hàn sí ẹni tó bá ń kọjá pé ìgbà tuntun ti dé, pé ti àwọn òkúta yẹn ti parí. Ní 1921 pápá náà ti kógbá sílé. Kí ọdún mẹ́wàá mìíràn tó pé, wọ́n ti wó àwọn ilé rẹ̀. Àwọn òkúta kò tilẹ̀ mira. Bẹ́ẹ̀, mi ò ní fi àwọn awakọ̀ òfuurufú ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí pé ọ̀kan nínú wọn, Gilbert Insall, ni ó ti òkè wo ilẹ̀ ní 1925, tó rí òbìrí àmì nínú oko kan nítòsí ibẹ̀, tí a wá fi mọ̀ pé àwọn òpó igi ńlá ti dúró níbẹ̀ rí ní ayé àtijọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Woodhenge. Ibi tí a bá ti gbẹ́ ilẹ̀ rí tí a sì dí i, ọ̀rinrin a máa dúró sí i, ọkà orí rẹ̀ a sì ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ibi tí òkúta tàbí kọnkéré bá sì wà lábẹ́ ilẹ̀, ọ̀gbẹlẹ̀ yóò tètè mú koríko ibẹ̀ pọ́n. Ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ rìn kò lè rí i. Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àti ohun tó ti wọlẹ̀ náà, òkèèrè la ti ń rí i. Ní Heathrow pẹ̀lú, bí wọ́n ṣe fẹ́ da kọnkéré ní 1944, awalẹ̀pìtàn kan, W. F. Grimes, gbẹ́ ilẹ̀ náà wò, ó sì bá ibùgbé àwọn ará ìgbà irin, pẹ̀lú ilé kan láàrin rẹ̀ tí ó gbà pé ilé òrìṣà ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì da kọnkéré lé e.

Nítorí náà ni mo ṣe padà sí ìbéèrè mi: ǹjẹ́ ilẹ̀ a máa rántí bí? Àwọn baba wa kò ṣe iyèméjì. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́, afọkọ́yẹrí, òun ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́rìí májẹ̀mú, ẹni tó bá sì ja májẹ̀mú, ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n pè é, bí ẹni pé kì í ṣe ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni ó ṣẹ̀, ilẹ̀ gan-an ni ó dà. Àwọn onígbàgbọ́ kà á nínú Jẹ́nẹ́sísì pé ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì ń ké láti inú ilẹ̀. Àwọn mùsùlùmí sì mọ Súrà 99, níbi tí a ti sọ ọ́ pé ní ọjọ́ náà ilẹ̀ yóò ròyìn ohun tí a ṣe lórí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta, ẹ̀rí kan. Tẹ́lẹ̀ rí, mo máa ń gbọ́ ọ bí àfiwé lásán. Ẹni tó bá ti rí òjìji ilé tí a ti wó láti ọdún pípẹ́ tó tún hàn gbangba nínú oko ọkà ní ọdún ọ̀gbẹlẹ̀, tòun ti yàrá àti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò ní yára pè é ní àfiwé mọ́.

Síbẹ̀, ẹ̀rí ilẹ̀ ní ibi tó mọ. Ilẹ̀ ń rántí ìwúwo. Kò rántí ọkàn. Yóò sọ ibi tí táyà ti kọjá, kò lè sọ ẹni tó gbàdúrà kó tó wọkọ̀. Ọmọ Yorùbá kan, Akin Shenbanjo, wà nínú àwọn tó ń fò nínú ọkọ̀ Halifax ti ẹgbẹ́ 76, tí ibùdó wọn wà ní Holme-on-Spalding Moor ní Yorkshire. Ó kúrò nílé wá sínú òtútù láti ja ogun ọba tí kò fún ìlú tirẹ̀ ní òmìnira. Kò sí àmì kankan nínú oko ibẹ̀ tó lè sọ bóyá àárò àmàlà sọ ọ́ rí, tàbí irú ohun tó ń rò bí ọkọ̀ ṣe ń ré òkun kọjá lóru. Àwọn tó bá ọkọ̀ tí ń ju bọ́ǹbù ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ nínú ogun náà tí wọn kò padà, wọ́n lé ní 55,000. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Àwọn wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí Jésù jíǹde, ojú àpá ọwọ́ rẹ̀ ni Tọ́másì fi dá a mọ̀. Ìyẹn ni pé àpá wà lára ẹnìkan, ẹnìkan náà sì wà níbẹ̀ láti dáhùn. Nínú oko Yorkshire, àpá ló kù.

Bóyá ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá àwọn tó ń pe iṣẹ́ àwọn olùwá-pápá wọ̀nyí ní eré ọmọdé wí nǹkan kan náà. Ní Grafton Underwood ní Northamptonshire, ibi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti Ẹgbẹ́ Ogun Òfuurufú Kẹjọ ti Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbéra lọ ju bọ́ǹbù ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 1942, tí wọ́n sì tún ti gbéra fún ìgbà ìkẹyìn ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 1945, oko àti igbó ló ti gba ilẹ̀ padà. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mú àwòrán dání wá síbẹ̀, igbó lásán ni. Ilẹ̀ pa ọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n kò lè pe orúkọ. Ẹni tó ní ẹnu ni yóò pè é.

Mo tún gbé àwòrán mi yẹ̀ wò ní alẹ́ àná pẹ̀lú awò. Mi ò tíì mọ ibi tó jẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igun igbó kan ní apá òsì ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Mo ka àwọn ojúlé ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ wà nínú àwọn kan, òjìji ìyẹ́ wọn nà sórí koríko. Àwọn mìíràn ṣófo, àbàwọ́n dúdú sì wà láàrin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, níbi tí epo ti ń kán láti inú ẹ́ńjìnnì ní ojoojúmọ́. Kò sí ohun tó wà nínú àwòrán náà tó lè fi hàn mí èyí tí ọkọ̀ rẹ̀ kàn jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà, tí yóò padà wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, àti èyí tí wọn kò ní gbé ọkọ̀ kan náà sí mọ́.